Orúkọ Adélànà Tí Kò Sí Lára Òkúta

Fàwàsíyà ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Siporex, l'Abidjan. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Treichville. Bàbá yẹn ní orúkọ méjì. Nínú ilé, Taïrou. Níta àti nínú ìwé, Adélànà. Gbogbo àwa ọmọ Sakété tó wà l'Abidjan la mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu la fi ń sọ ọ́, a ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ la ti ṣe àṣìṣe.

Lọ́dún quarante-neuf, 1949, ẹni tí kò bá ní káàdì ìdánimọ̀ Faransé ò lè wọ ọkọ̀ ojú irin. Mo fojú mi rí ọ̀kan nínú káàdì náà. Kò ní fọ́tò. Orúkọ ló wà níbẹ̀, ìtẹ̀ka, àti ilà ojú: mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Nígbà náà, èèyàn méjì ni Taïrou àti Adélànà, wọ́n jọ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Olóòlà kan náà ló kọ wọ́n.

Adélànà ló ń gbé lẹ́tà àwọn tó ń jà fún òmìnira lọ sí Bouaké. Ọlọ́pàá fura, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò l'Abidjan mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wá wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ni àwọn méjèèjì bá pààrọ̀ káàdì. Adélànà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú káàdì Taïrou. Taïrou jókòó sórí àpótí, ó ń lẹ túùbù. Bí ọlọ́pàá bá dé, á na káàdì Adélànà sí i. Ọlọ́pàá ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀; á ka ilà ojú rẹ̀, á máa lọ. Kò sẹ́ni tó wo ìtẹ̀ka.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Lóṣù karùn-ún, wọ́n mú Adélànà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà. Ó ní Taïrou lòun ń jẹ́. Wọ́n nà án, kò yí i padà. Inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí. Taïrou ni wọ́n kọ sínú ìwé òkú. Taïrou tòótọ́ ò lè jáde sọ̀rọ̀. Ó di Adélànà. Káàdì yẹn ló fi gba ìwé ìbí Fàwàsíyà. Nígbà tí òmìnira dé, òun náà ló fi gba káàdì tuntun.

Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ àwọn tó kú nítorí òmìnira sára òkúta kan. Orúkọ Taïrou wà lára wọn. Àdìzátù, tó ń ta ẹja yíyan ní Boribana, gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni Adélànà. Ó wá bá Fàwàsíyà, ó ní kí orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ṣáà ti wà lára òkúta yẹn, òun ò fẹ́ nǹkan míì. Fàwàsíyà ní bó ṣe yẹ náà nìyẹn. Ó ní kí n tẹ̀lé wọn lọ jẹ́rìí.

Cyrille lorúkọ ẹni tó ń ṣètò ìwé orúkọ àwọn òkú náà. Ó fara balẹ̀ gbọ́ wa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tú káàdì Adélànà àtijọ́, tí Fàwàsíyà mú wá, kúrò nínú ọ̀rá. Ó wo ìwé ikú bàbá Fàwàsíyà: Adélànà, ó kú ní Treichville, lọ́dún quatre-vingt-huit, 1988.

“Maman,” ó ní, “Adélànà tiyín yìí ò kú sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i.”

Fàwàsíyà tún un ṣàlàyé. Èmi náà sọ tèmi. Ó bi mí pé ìwé wo ni mo ní. Mo ní ẹnu ni mo ní.

Ó wá ní bí ọ̀rọ̀ wa bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé irọ́ ni orúkọ bàbá tó wà nínú ìwé ìbí Fàwàsíyà. Ilé ẹjọ́ ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ á bá a lọ, ti àwọn ọmọ-ọmọ náà.

Mélissa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà pẹ̀lú wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò nọ́ọ̀sì. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú rẹ̀, tí kò lè gba iṣẹ́ láìsí i, wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù yẹn gan-an.

“Mémé, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní. “Faut laisser. Ẹ fi í lẹ̀.”

Fàwàsíyà bi Cyrille bóyá kò lè kọ Adélànà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Taïrou, kódà kó kéré. Cyrille ní kò ṣeé ṣe. Fàwàsíyà ń wo Àdìzátù.

“Tantie, ẹ ká káàdì yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” Àdìzátù ní. “Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò kú kí ọmọ yìí má baà ṣe nọ́ọ̀sì.”

Inú ń bí mi délé. Faransé ti lọ ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìwé wọn ló ṣì ń sọ ẹni tó kú fún wa.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí òkúta náà, wọ́n sọ̀rọ̀ dídùn títí oòrùn fi kan wá lórí. Bí wọ́n bá pe orúkọ òkú, ẹbí rẹ̀ á dìde. Wọ́n pe Taïrou. Orúkọ bàbá Fàwàsíyà gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n Adélànà ló wà nínú ìwé rẹ̀, Fàwàsíyà kò sì lè dìde. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì. Àdìzátù ló dìde. Cyrille bi í ohun tí Taïrou jẹ́ sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Cyrille mọ̀ pé Adélànà ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Fàwàsíyà fi ìborùn bojú.

Mélissa ti gba ìwé rẹ̀. Gbogbo orúkọ èèyàn tó wà nínú ìtàn yìí ni mo ti pààrọ̀. Ti Adélànà nìkan ni n kò fọwọ́ kàn.