Ilé Onítáyà Tí Bísíríyù Fa Iná Sí

Láti kékeré ni Fàlílátù ti ń yan ẹja. Ní agbo ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́, ààrò kì í tutù. Bí wọ́n ṣe ń kó ẹja òwúrọ̀ kúrò ni wọ́n ń to ti ọ̀sán lé e. Nígbà tí Bísíríyù, ọmọ Ìwó tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù, ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, fẹ́ ẹ, tó sì mú un wá sí yàrá tó háyà ní àdúgbò Agric níbẹ̀, ó gbé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ dání wá. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yan ẹja, ibẹ̀ náà ni àwọn ayálégbé yòókù ń tan jẹnẹrétọ̀ wọn sí. Inú èéfín yẹn ló ti tọ́ Jamilah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, títí ọmọ náà fi relé ọkọ ní Ìlọrin.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ náà kò lọ. Ó wá di pé bí ó bá rìn láti ẹ̀yìnkùlé dé ẹnu ọ̀nà, yóò ní láti jókòó kó tó lè sọ̀rọ̀. Dókítà ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, pé kò sí oògùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kó jìnnà sí èéfín pátápátá, kí wọ́n sì wá ẹ̀rọ ọ́síjìn tí yóò máa fi mí fún un. Bísíríyù bi dókítà bóyá òun lè fi jẹnẹrétọ̀ tan ẹ̀rọ náà. Dókítà kàn wò ó ni. Kí onítọ̀hún tó lanu ni Bísíríyù ti mọ̀ pé ìbéèrè òmùgọ̀ lòun bi.

Ní àkókò yẹn, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀nà parí iṣẹ́ lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń ta àwọn ilé onítáyà tí àwọn ẹnjiníà wọn ń gbé, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ fà káàkiri. Bísíríyù ra ọ̀kan. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà, ilẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti dógùn-ún lápá kan. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ fún un láyè nínú oko wọn lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí ààrò, tí kò sí aládùúgbò, tí wáyà iná ìjọba kò sì tíì dé. Ó ní kí wọ́n fi katakata fà á dé ibẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró, ó sì fi iṣẹ́ fọ́kílíìfù sílẹ̀.

Kabir, tó ń ta ìnfátà àti bátìrì ní Agric, ló kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣe é. Ó ní wáyà tí yóò wà láàárín bátìrì àti ìnfátà gbọ́dọ̀ nípọn bí ìka ọwọ́, kó sì kúrú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gbóná títí yóò fi gbiná. Bísíríyù to àwọn bátìrì sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, níbi tí irin ilẹ̀ ṣì le, ó fi bẹ́líìtì irin dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ó gbé ìnfátà sínú àpótí kan náà pẹ̀lú wọn, ooru mú ìnfátà náà, ó sì dáṣẹ́ dúró. Ó tú u, ó gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ń gbà, ó dá ihò sí àpótí bátìrì, ó sì to sólà sórí òrùlé. Nígbà tó tan ẹ̀rọ ọ́síjìn, tí ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ró, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ imú ara rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ kó lè mọ̀ bóyá iná yóò kú. Iná kò kú. Ó sunkún lórí ibùsùn náà, torí inú rẹ̀ dùn.

Fàlílátù dé, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún un. Èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti bọ́.

Àmọ́ ọkàn Bísíríyù kò kúrò lára iná. Bó ṣe ń jí, ojú ìnfátà ló ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Bí Fàlílátù bá ní kó tan rédíò, á ní kí wọ́n tọ́jú iná fún ẹ̀rọ. Nígbà tí Mọ̀nsúrát, àbúrò Fàlílátù tí òun náà ń yan ẹja nílé, gbé ọbẹ̀ wá fún wọn, Bísíríyù gbóòórùn èéfín lára aṣọ rẹ̀, ó ní kó má wọlé. Ẹnu fèrèsé ni Mọ̀nsúrát ti kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé gbọ́, wọn ò sì wá mọ́.

Òjò dé. Ojú ọ̀run ń ṣú láràárọ̀, bátìrì kò kún mọ́. Bísíríyù pa fáànù, ó pa gílóòbù, kí ìwọ̀nba tó kù lè tó ẹ̀rọ náà lò. Fàlílátù ń jókòó nínú ooru, rọ́bà wà nímú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Jamilah, ẹ mú mi lọ sílé wa."

"Èéfín kún ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Èèyàn pẹ̀lú kún ibẹ̀."

"O ò ní lo oṣù kan níbẹ̀, Ìyá Jamilah."

"Nínú oṣù kan ọ̀hún, màá rẹ́ni bá sọ̀rọ̀."

Bísíríyù ní òun á lọ bá Kabir, pé bí àwọn bá fi bátìrì kún èyí tó wà nílẹ̀, fáànù á máa yí, rédíò náà á máa sọ̀rọ̀. Fàlílátù yíjú sí ògiri.

Nígbà tí Bísíríyù ti Ìkòròdú dé, ẹ̀rọ ọ́síjìn ṣì ń ró, rọ́bà wà lórí ìrọ̀rí, kò sì sẹ́nì kankan nínú ilé. Fàlílátù ti pe Mọ̀nsúrát, Mọ̀nsúrát sì ti fi kẹ̀kẹ́ Márúwá wá gbé e. Bísíríyù lọ bá wọn ní agbo ilé. Ìyàwó rẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin tó ń fọ ẹja, èéfín ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ kan, Fàlílátù sì rẹ́rìn-ín, ó húkọ́, ó tún rẹ́rìn-ín. Bísíríyù kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn.

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn padà. Fàlílátù kọ̀.

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ bá wa jẹun," ó wí.

Bísíríyù kò jókòó. Ó ní òun á lọ tú gbogbo iná náà, òun á wá tò ó síbí fún un.

"Ẹ jókòó ná."

Ó ní òjò ń ṣú bọ̀, pé kí òun tètè máa lọ.

Ẹ̀rọ ọ́síjìn ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, àmọ́ iná ìjọba kì í fi bẹ́ẹ̀ wà ní agbo ilé, bí kò bá sì sí iná, ẹ̀rọ kò wúlò. Iṣẹ́ títú náà kò yá. Ìpáàrà ti mú àwọn nọ́ọ̀tì bẹ́líìtì irin náà, omi òjò sì ti wọ abẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ tó gbé bátìrì tó kẹ́yìn jáde, tó ń fi tapólì wé ìnfátà, ló rí Mọ̀nsúrát tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko, láìwé gèlè, láìgbé ohunkóhun lọ́wọ́. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó béèrè ni bóyá Fàlílátù sọ nǹkan kan.

"Ó béèrè yín," ni Mọ̀nsúrát wí. "A ní ẹ ń tú bátìrì."

Wọ́n sin Fàlílátù lọ́jọ́ náà. Jamilah wá láti Ìlọrin, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó bá òun lọ. Bísíríyù ní òun á wá lẹ́yìn fídáù. Wọ́n ti ṣe fídáù tipẹ́, kò sì tíì lọ. Inú ilé onítáyà náà ló ṣì ń gbé, láìsí iná. Kò to bátìrì kankan padà, bí Kabir bá sì pè é, kì í gbé fóònù.

Lọ́sàn-án, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ronú wá ọ̀rọ̀ tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ látọjọ́ tó ti mú un débẹ̀. Bátìrì ti kún. Má tan fáànù. Iná ti ń lọ sílẹ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá òun á rí ọ̀rọ̀ mìíràn, kò sì rí i.