Ife Tíì Kẹta

Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Ìsmáílà ti ń ta páàtì mọ́tò ní àdúgbò Dapoya, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń se tíì lóòjọ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló sì dùn jù. Láti ìgbà tó ti jáwọ́ nínú ṣúgà nítorí àtọ̀gbẹ, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n òùngbẹ ṣúgà sọ ọ́ di ẹkùn. Lọ́jọ́ tí Charif ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ife kẹta bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó ń rẹ́rìn-ín, Ìsmáílà la ìkòkò tíì mọ́ ọn lórí. Ẹ̀jẹ̀ bolẹ̀.

Oṣù méjì kọjá, egbò orí Charif ò jinná, ńṣe ló ń kẹ̀. Ìsmáílà mọ irú egbò bẹ́ẹ̀. Ó já ife tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀.

"Dìde ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí n tó tún orí yẹn là!"