Ìgò Oògùn Màlúù

Iṣẹ́ Verlin Tollefson ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni kó máa yẹ ẹpọ̀n akọ màlúù wò. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, kí wọ́n tó da akọ sáàárín abo, òun ni wọ́n máa ń pè. Èyí tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ bá wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí i nídìí, ó di ọjà ẹlẹ́ran nìyẹn. Kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tó wá di pé tirẹ̀ ló wú lápá òsì, tí ọyún ń kán sínú ṣòkòtò rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni fi bò. Wọ́n ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Verlin yàtọ̀. Ó sọ fún Corrine, ìyàwó rẹ̀, pé akọ màlúù kan ló ta òun nípàá. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ ọjà akọ màlúù, ló ti kó o wálé. Àìsàn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Corrine ló ń rò: ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra, bó bá gbọ́, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílùú Billings ni yóò gbà lọ.

Ó ṣí fíríìjì ẹ̀yìn ilé, ó fa oògùn màlúù sínú abẹ́rẹ́, ó gún ara rẹ̀ nítan. Àgbàlagbà! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gún un, ìrora náà ń ga sí i, ó wá ń rìn bí ẹni tó gbé igbá omi sáàárín itan.

Ọjọ́ kẹrin ló lọ bá dókítà, ìyá àgbà kan. Ìyá bi í bóyá ìrora náà dé lójijì, nítorí kóró tó bá lọ́ pọ̀, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní rárá, díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣé nǹkan gbá a? Ó tún ní rárá. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò: àtọ̀sí ni, ó ti gòkè dé kóró. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ìyá sì bá a wí nígbà tó jẹ́wọ́ oògùn màlúù.

“Ìyàwó ẹ náà gbọ́dọ̀ lò ó o. Ṣé o máa lè sọ fún un, àbí ká bá ẹ sọ ọ́?”

“Màá sọ ọ́ fúnra mi, mà.”

Corrine ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí Verlin dé. Ó jókòó, kò ṣí fìlà.

“Kì í ṣe màlúù ló ta mí. Dókítà ní kí ìwọ náà lo oògùn.”

“Mo mọ̀.” Kò gbójú sókè. “Màlúù kankan ò ṣàìsàn, oògùn inú ìgò sì ń fà. Mo ti lọ ṣàyẹ̀wò láti Ọjọ́rú. Mo ti lo tèmi.”

Verlin bi í bóyá Billings ló ń lọ. Corrine ní àpótí òun ti wà nínú ọkọ̀. Òun kàn ní kóun ṣe sùúrù, bóyá á sọ ọ́.

“Mo ti sọ ọ́ báyìí.”

“Dókítà ló ní kó o sọ ọ́. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ tó o parọ́ màlúù yẹn ni, ǹ bá jókòó.”

Ó bó èyí tó kù tán, ó gbé e kaná, ó ní kó jẹun kó tó lo oògùn. Ó nu ọwọ́, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.