Fọ́ọ̀mù Yunifásítì Fìyìn Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Pẹpẹ ní Berlin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, torí bí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí jáde, inú mi á bẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ mí, èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí láti Sọ́ńdè sí Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò rírú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú Jámánì!

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọ mi obìnrin, Fìyìn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì kọkànlá níbí ní Hamburg. Osdorfer Born là ń gbé, èmi, òun àti bàbá rẹ̀, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro yẹn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Altona. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Fìyìn, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìṣirò, ẹ ò ní mọ ìgbà tó máa dákẹ́.

Nígbà tiwa nílé, ta ló bi wá léèrè nǹkan kan? Tíṣà á wo ojú ẹ, á wo èsì ìdánwò ẹ, á ní sáyẹ́ǹsì, á ní áàtì, tàbí kó ní kọmáṣà, ó parí! Níbí kọ́. Níbí, ọmọ gan-an ni wọ́n máa fún ní ìwé pé kó yan ohun tó máa kọ́ fún ọdún méjì tó gbẹ̀yìn, èyí tó máa gbájú mọ́ àti èyí tó máa jù sílẹ̀. Tó bá ti yàn án, ó ti yàn án nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Èmi tí mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sè lónìí!

Kí n má parọ́ fún yín, dókítà ló wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kó mú Biology àti Chemistry. Fìyìn ní ìṣirò àti kọ̀ǹpútà lòun fẹ́. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú bàbá ẹ̀. Ó yan ìṣirò, mo dákẹ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Àfi bí tíṣà rẹ̀, Frau Brandt, ṣe pè mí síléèwé lọ́jọ́ kan. Àyà mi kọ́kọ́ já, mo rò pé ọmọ ti ṣe nǹkan ni. Ó ní rárá o. Ó ní ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Frühstudium. Ọmọ tó ṣì wà níléèwé girama lè máa lọ sí yunifásítì lọ́sàn-án ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, á jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dàgbà jù ú lọ, á bá wọn ṣèdánwò. Tó bá yege, wọ́n á kọ máàkì ẹ̀ sílẹ̀ dè é. Lọ́jọ́ tó bá wọ yunifásítì gan-an, wọn ò ní ní kó tún un ṣe, wọ́n á kà á fún un.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Ọmọ tí ò tíì ṣe ìdánwò àṣejáde, ó ti ń kó máàkì yunifásítì jọ! Díẹ̀ ló kù kí n jó lójú Frau Brandt. Ó ní ọmọ méjì péré ni iléèwé lè fà kalẹ̀, Fìyìn sì wà nínú wọn.

Bí fọ́ọ̀mù ṣe délé wa nìyẹn. Ọ̀gá iléèwé ti lu òǹtẹ̀ sí i, Frau Brandt ti kọ̀wé sí i, Fìyìn ti kọ tiẹ̀, ó sì so lẹ́tà kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìbuwọ́lù òbí nìkan ló kù. Ojúlówó ìwé yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà, wọn ò gba fọ́tò, wọn ò gba ẹ̀dà. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì yunifásítì kan ní Harburg, àdúgbò kan ní Hamburg wa níbí, kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán Túsìdeè.

Kí ló wá dá ọwọ́ mi dúró? Ìṣirò ni Fìyìn kọ síbẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé tí mo bá fi lè fọwọ́ sí èyí, ọ̀rọ̀ dókítà ti tán nìyẹn. Mo ní kó fi í sílẹ̀ sórí tábìlì, pé màá gbàdúrà sí i. Ó fi í síbẹ̀, ó lọ sí yàrá ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àpéjọ ọdọọdún ìjọ wa ní Berlin bọ́ sí. Aládùúrà ni wá, ẹ mọ̀ bí tiwa ṣe rí. Ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn, ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run á mú ìwé ohun náà wá síwájú pẹpẹ. Àwọn kan mú ìwé ìgbélùú wá, àwọn kan mú lẹ́tà ìwáṣẹ́, obìnrin kan tiẹ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ilé tó fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ wá. Èmi mú fọ́ọ̀mù Fìyìn. Mi ò sọ fún un o! Mo rọra tì í sínú báàgì mi ní Sátidé, mo bá tèmi lọ.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì kéde pé ọjọ́ méje ló máa lò lórí pẹpẹ. Ṣé mo gbọ́? Mo gbọ́ dáadáa. Ṣé mo mọ̀ pé ọjọ́ méje ò ní pé kí Túsìdeè tó dé? Mo mọ̀! Ẹ má tíì bínú sí mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ta ló ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí wọ́n dá gan-an? Nílé, wọ́n á kéde ọjọ́, ọjọ́ á pé, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, wọ́n á tún fi díẹ̀ sí i fún àwọn tó bá wá bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe fi tèmi sílẹ̀ síbẹ̀. Mo kọrin, mo pàtẹ́wọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Hamburg tayọ̀tayọ̀.

Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn iléèwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí nǹkan ń wó lulẹ̀ ní yàrá Fìyìn. Ó ti da gbogbo ìwé ẹ̀ sílẹ̀. Ó yọjú, ó ní, "Mummy, wo ist mein Antrag? Mi ò rí fọ́ọ̀mù mi."

Mo ní, "Fara balẹ̀. Ó wà ní Berlin."

"In Berlin?"

Mo ní ó wà lórí pẹpẹ, wọ́n ń gbàdúrà sí i. Ẹ ò rí ojú ọmọ náà! Ká ní ó tiẹ̀ pariwo mọ́ mi ni, ì bá tù mí lára. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìwé ẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má mikàn, wọ́n á fi ọjọ́ kún un.

Ó ní, "Mummy, kò sírú ẹ̀ níbí. Frist ist Frist, ọjọ́ tí wọ́n bá ti dá kì í yẹ̀. Tí aago mẹ́ta bá ti lù, wọ́n ti tì í nìyẹn. Ẹni méjì ni wọ́n mú, Mummy. Méjì péré." Ó dìde, ó rọra pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé mọ́ mi.

Mo pe Frau Brandt, mo ní ṣé wọn ò lè ṣe òmíràn? Ó káàánú wa, àmọ́ ó ní ọ̀gá tó ni òǹtẹ̀ ti bá àwọn ọmọ kíláàsì kan rìnrìn àjò, ó di Tọ́sìdeè kó tó dé. Mo pe Ìyá Ìjọ ní Berlin, ìyá àgbà tó ń mójú tó ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ó ti jáde ìlú, àárọ̀ ló máa padà wọlé. Ó ní kí n wá láàárọ̀.

Mi ò lè jẹun. Mo ń ti kíṣìnnì bọ́ sí pálọ̀, mo ń ti pálọ̀ lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn Fìyìn, mi ò sì lè kàn án. Bàbá ẹ̀ ní kí n jókòó, pé òòyì ti ń kọ́ òun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fìyìn ò lè bá mi lọ, torí ó ní ìdánwò níléèwé. A ṣàdéhùn pé ká pàdé ní stéṣọ̀n Harburg. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọ básì dé Altona, mo sì bọ́ sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ Berlin.

Ẹ̀yìn ilé kan báyìí ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Wedding ní Berlin ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ìyá Ìjọ ti ń dúró dè mí. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ mà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe pé mi ò nígbàgbọ́ o. Mo ti múra sílẹ̀ pé ó máa ní ọjọ́ méje ò tíì pé. Ó ṣí aṣọ funfun yẹn, ó tú apẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé mi jáde.

"Ìyá Fìyìn, dìde ńlẹ̀. Ọlọ́run tó gbọ́ wa ní Sọ́ńdè ò ní gbàgbé torí pé ìwé kúrò lórí pẹpẹ." Ó wò ó dáadáa. "O ò tíì fọwọ́ sí i."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mò ń dúró de ohun tí Ọlọ́run máa sọ ni.

"Ọmọ náà ńkọ́? Kí lòun sọ?"

Ká sòótọ́, mi ò bi í rí. Mo ti sọ fún un, mo ti bá a jiyàn, mo ti gbàdúrà lé e lórí. Àmọ́ kí n jókòó tì í kí n ní, Fìyìn, kí lo rí nínú ìṣirò yìí? Rárá. Ìyá Ìjọ ò wàásù fún mi. Ó fi báàgì mi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa sáré.

Ọkọ̀ tó gbé mi padà rìn dáadáa títí a fi dé àárín igbó kan, ló bá dúró. Wọ́n kéde pé iná tó ń darí ọkọ̀ lójú irin ti bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Ẹ̀yin ará, mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde! Bàbá òyìnbó kan tó kọjú sí mi béèrè pé ṣé ara mi ò yá ni. Kí ni kí n sọ fún un?

Nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe, mo fa ìwé náà jáde. Lẹ́tà Fìyìn wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù, ojú ewé kan, Jámánì pọ́ńbélé. Jámánì tèmi, ti ká tọ́jú arúgbó ni: ẹ jẹun, ẹ gbé apá sókè, níbo ló ń dùn yín. Àmọ́ mo rọra ń kà á, mo ń fi fóònù wo èyí tí kò yé mi.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun kàwé gboyè ní yunifásítì ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Jámánì, wọn ò kà á sí fún un. Ó ní ìyá òun tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ráhùn létí òun rí. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀, ní ìlú tí òun wà yìí, kí ohun tí òun bá kọ́ má ṣòfò.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi, mo yára gbé fọ́ọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má lọ kán sí òǹtẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀! Mi ò bá a sọ ọ́ rí. Ojú ń tì mí ni, kí n má tàn yín. Mo yá bírò lọ́wọ́ bàbá òyìnbó yẹn, mo gbé ìwé lé orí báàgì, mo sì fọwọ́ sí i. Ìṣirò? Kó jẹ́ ìṣirò! Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ọkọ̀ ṣí. Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni o, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ.

Aago méjì ti kọjá dáadáa nígbà tí mo dé Hamburg. Mo fò sínú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, tó ń lọ Harburg, mi ò jókòó, ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí títí a fi kọjá odò Elbe. Fìyìn ti wà ní stéṣọ̀n. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ibi tí òbí ń fọwọ́ sí lojú ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó wò mí. "Mummy, ẹ ti fọwọ́ sí i." Mo ní ká máa sáré, ká sọ ìyẹn tó bá yá!

A sáré, èmi tí orúnkún ń dùn! Mo ní kó máa lọ níwájú, ó kọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Nígbà tá a dé ọ́fíìsì, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí aago mẹ́ta lù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, èmi ń wo aago. Ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i, ó ní wọ́n á kọ lẹ́tà sí wa. Gbogbo wàhálà yẹn, kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì!

A jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Mo sọ fún Fìyìn pé kó má bínú, pé nǹkan ẹ̀ ni mo mú láìsọ fún un. Ẹ mọ̀ pé kì í rọrùn fún àwa òbí Yorùbá láti bẹ ọmọ. Ó wá ní, "Mummy, kí lẹ kọ́ ní yunifásítì gan-an?"

Ta ló bi mí nírú ẹ̀ gbẹ̀yìn? Mo ní Geography ni. Mo ròyìn bá a ṣe máa ń lọ fi okùn wọn ìbú odò, àti bí mo ṣe yọ̀ ṣubú sómi lójú olùkọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nínú S-Bahn, nínú básì, títí dé ẹnu ọ̀nà wa, ìbéèrè ló ń bi mí. Ó ní odò wo? Ó ní báwo lẹ ṣe ṣírò ẹ̀? Bí mo ṣe ń dáhùn, ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ti gbàgbé ń bọ́ sí mi lẹ́nu.

Lẹ́tà ò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ àpótí lẹ́tà wò lẹ́ẹ̀mẹrin, Fìyìn ní kí n fi afìwéránṣẹ́ lọ́rùn sílẹ̀.

Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ò ní yéé gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù, torí kò sẹ́ni tó máa fi kún un fún yín níbí. Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni pé mo lọ Berlin lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ìdáhùn kiri, nígbà tí ẹni tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ ẹ̀ ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lókè òkun ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọmọ bá fẹ́ yan ohun tó máa kọ́? Àbí èmi nìkan ló ń ṣe báyìí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ kanlẹ̀kùn ọmọ yín.