Búlọ́ọ̀kù Mélòó Ló Wà Lábẹ́ Fìríìjì Yín?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì. Ẹ̀yin máa rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Èmi sunkún kí n tó rẹ́rìn-ín ní tèmi!

Kọ́ọ̀sì tí mo kà ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, ẹ̀kọ́ nípa àyíká àti ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ ni, abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ ló sì wà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe òjò àti odò nìkan là ń kọ́, àwọn èèyàn tí òjò ń rọ̀ lé lórí gan-an là ń kọ́. Kí ló dé tí wọ́n kọ́lé síbi tí wọ́n kọ́ ọ sí? Ta ló ń gbádùn ilẹ̀ yẹn, ta ló sì ń jìyà rẹ̀? Kí ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn? Mo fẹ́ràn kọ́ọ̀sì yìí débi pé mo máa ń dé kíláàsì ṣáájú olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún Daddy mi!

Daddy mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, inú estate la ń gbé ní Ìkòsì, òfin ni wọ́n sì fẹ́ kí n kà látìgbà tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n tún yí i padà bóyá nǹkan mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, "Environment? Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé wolé-wolé lo fẹ́ ṣe ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lè má mọ wolé-wolé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ayé àtijọ́ ni, àwọn tó ń wọ ilé onílé kiri, tí wọ́n ń ṣí ìdérí ìkòkò, tí wọ́n ń yọjú sí ṣáláńgá. Tí wọ́n bá rí kòkòrò nínú omi ẹ, ilé ẹjọ́ yá! Ìyá bàbá mi sọ fún wa pé bí ẹnì kan bá ti ké pé wọ́n ń bọ̀, gbogbo àdúgbò á ti mọ́ kí wọ́n tó dé ojúlé kejì. Bí Daddy ṣe sọ mí lórúkọ nìyẹn. Tí mo bá ti wálé lọ́lidé, wọ́n á ké sí Mummy pé kó tètè lọ gbá yàrá ìdáná, wolé-wolé ti dé o. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi o, ẹ má rò pé kò dùn mí.

Ọdún ìkẹyìn wá dé, ó di kí n ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí màá fi gboyè. Mo mú àdúgbò kan lẹ́yìn Mile 12, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ lọ sápá odò. Mo fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń bá omi gbé, àti ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n kó kúrò. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi a máa wọlé bá wọn. Kí ló tún le nínú ìyẹn? Kí n ṣáà lọ bi wọ́n!

Èmi fúnra mi ni mo kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè náà lédè Yorùbá, mo sì ń gbéraga lórí rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́: Ṣé omíyalé ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ìkejì: Ẹ̀ẹ̀melòó? Ìkẹta: Kí lẹ pàdánù? Yorùbá tó jíire, àbí? Nígbà tó di ọjọ́ tí mo máa lọ, mo yá jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó ń dán yanran yẹn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, mo gbé káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, mo gbé pátákó ìkọ̀wé sápá. Mo wo ara mi nínú dígí, mo rí ọ̀mọ̀wé.

Àwọn ará àdúgbò rí ẹlòmíràn.

Nílé àkọ́kọ́, obìnrin kan ń fọṣọ níta. Bó ṣe rí mi, ó sọ nǹkan kan sínú ilé, mo sì gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbà! Ó wá kọjú sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Omíyalé kẹ̀? Ó ní wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí, pé ibí yìí gbẹ táútáú. Ẹ̀yin èèyàn mi, lẹ́yìn ẹ̀ gan-an, ilà omi wà lára ògiri, ó dé ìbàdí èèyàn!

Nílé kejì, bàbá kan búra fún mi pé látọjọ́ tóun ti ń gbébẹ̀, àgbàrá ò tíì kan ẹnu ọ̀nà òun. Ó ń sọ ọ́, mo ń wo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ òpó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi o! Kí ló fẹ́ fi ṣe, ṣé ó fẹ́ fi wa orí ilẹ̀ gbígbẹ ni?

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rìn. Fọ́ọ̀mù mi kún, "Rárá" ló sì kún inú ẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, n ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n àkókò ti ń lọ, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sì sọ fún ara mi pé ohun tí wọ́n bá sọ ni kí n kọ. Mo kó gbogbo ẹ̀ tọ Dókítà lọ, ìyẹn màmá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi.

Dókítà kì í pariwo. Wọ́n ka ojú ewé bíi mélòó kan, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé odò yẹn ti kó kúrò ní Mile 12 ni?"

Wọ́n bi mí pé kí ni mo wọ̀ lọ. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn ò burú, ẹ̀rù mi ló bà wọ́n. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Tí mi ò bá rí ojúlówó ìdáhùn mú wá, orúkọ mi ò ní sí lára àwọn tó máa gbèjà iṣẹ́ wọn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyẹn sì ni pé màá tún ọdún yẹn lò.

Mo délé, mo rò ó fún Mummy, ni ẹkún bá gbọ̀nà. Daddy gbọ́ láti pálọ̀. Ẹ mọ nǹkan tó dùn mí jù? Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wọlé wá jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ní kò tíì pẹ́ jù, mo ṣì lè gba fọ́ọ̀mù JAMB kí n lọ ka òfin. Kí wọ́n sọ mí ní wolé-wolé nígbà ọgọ́rùn-ún sàn fún mi jù ìyẹn lọ! Mo nu ojú mi nù. Mo pinnu pé mi ò ní lo ọdún kankan lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ sílípáàsì àti ìró òun bùbá lásán, mo padà síbẹ̀. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì, kò sí pátákó. Mo rí Àlàájà kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ìyá àgbà, onílé ni wọ́n, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣà á. A ti ṣà á dé ìdajì kí wọ́n tó wo ojú mi dáadáa.

"Ṣé ìwọ kọ́ ni wolé-wolé tó wá níjọ́sí?"

Ha! Orúkọ yẹn tún bá mi débẹ̀! Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé mi, àfi bó ṣe di ẹkún. Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún wọn: Daddy mi, Dókítà, ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún tí mo fẹ́ tún lò. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí eyín ẹnu wọn fi hàn tán, wọ́n wá là mí lóye. Wọ́n ní àwọn kan ti wọ irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn wá rí, wọ́n bèèrè irú ìbéèrè mi yẹn gan-an, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára àwọn ilé kan, àmì pé wọ́n máa wó wọn.

"Omíyalé, ọ̀rọ̀ rédíò nìyẹn, ọmọ mi. Tí rédíò bá ti pariwo omíyalé àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, katapílà ló kàn. Ta ló máa fẹnu ara ẹ̀ pe katapílà wá sílé ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń gbéraga, òun gan-an ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú!

Oòrùn ti mú. Àlàájà ní kí n wọlé lọ bu omi tútù nínú fìríìjì. Mo dé pálọ̀, mo nawọ́, ọwọ́ mi ò tó o! Fìríìjì yìí ga ju èmi lọ. Mo wo ìsàlẹ̀, búlọ́ọ̀kù mẹ́rin léra wọn lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Bẹ́ẹ̀dì náà wà lórí búlọ́ọ̀kù. Tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Mo jáde, mo ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí fìríìjì yín fi ga tó báyìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu Àlàájà là! Wọ́n ní nígbà táwọn kó débẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni. Lọ́dún tí wọ́n bí àbígbẹ̀yìn wọn, omi gòkè, ó di méjì. Nígbà tí àwọn kan rọ yanrìn dí ẹnu gọ́tà lókè, ó di mẹ́ta. Ìkẹrin, ẹ̀yìn ikú ọkọ wọn ni, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sì bá wọn gbé e láìjẹ́ pé wọ́n pè wọ́n. Gbogbo ìtàn odò yẹn wà lábẹ́ fìríìjì. Ohùn wọn ò sì gbọ̀n rárá, bí ẹni tó ń fi ilé rẹ̀ yangàn ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mo fa fọ́ọ̀mù mi ya níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ sórí ìwé tuntun: Búlọ́ọ̀kù mélòó ló wà lábẹ́ fìríìjì yín?

Mo ṣèlérí fún Àlàájà pé n ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, n ò sì ní kọ nọ́ńbà ilé kankan. Wọ́n ró ìró wọn dáadáa, wọ́n mú mi lọ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. "Ọmọ mi rèé o," ni wọ́n ń wí. "Búlọ́ọ̀kù ló ń kà ní yunifásítì."

Ẹ̀rín ńlá! Ilẹ̀kùn ń ṣí. Obìnrin tó ń fọṣọ fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ hàn mí. Bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀ ló sáré wá pè mí pé kí n wá wo tòun, márùn-ún ni, pé ọ̀lẹ ni aládùúgbò òun tó fi mọ sí mẹ́ta! Wọ́n sọ ẹni tó ń gbé àwọn arúgbó jáde tí omi bá gòkè. Wọ́n sọ ìdí tí wọn ò fi kó lọ: ibojì bàbá wọn wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ò jìnnà síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tí mo fi padà sọ́dọ̀ Dókítà. Wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà, wọ́n fi orúkọ mi sínú ìwé.

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ mi, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó wá láti yunifásítì mìíràn bi mí pé ṣé búlọ́ọ̀kù abẹ́ fìríìjì wá jẹ́ òṣùwọ̀n tí ọ̀mọ̀wé lè fọkàn tán? Mo ní, "Sir, ẹnu lè sọ ohun tó bá wù ú fún àlejò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé fìríìjì gun búlọ́ọ̀kù márùn-ún torí oge."

Bàbá náà gbé bírò wọn sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi," ni wọ́n wí, "mẹ́ta ni."

A ni mo gbà! Ẹ bá mi jó o! A gidi, kì í ṣe ti àánú!

Àlàájà ní ohun tí mo kọ ò gbọdọ̀ parí sí yunifásítì. Wọ́n ní kí n wá kà á sétígbọ̀ọ́ ìpàdé àwọn onílé. Daddy ló fi mọ́tò gbé mi lọ, wọ́n ní inú mọ́tò làwọn máa dúró sí. Mo ṣàlàyé bí omi ṣe ń ga sí i láti apá kan dé èkejì, mi ò dárúkọ ilé ẹnì kankan. Ńṣe làwọn èèyàn tó sọ fún mi pé ibẹ̀ gbẹ táútáú wá ń dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn wọn ibi tí omi ń dé kí gbogbo ayé lè rí i. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n la ẹnu gọ́tà tó dí. Gọ́tà náà ò tíì là o, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ti lọ, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé Daddy ti kúrò nínú mọ́tò. Wọ́n dúró lẹ́yìn, wọ́n ń na ọrùn kí wọ́n lè rí mi. Bàbá ọlọ́kọ̀ ojú omi fura sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti táì wọn, ó bi wọ́n pé ṣé ìjọba ló rán wọn wá.

Daddy mi fa aṣọ wọn tọ́, wọ́n sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Rárá o. Èmi ni bàbá ọmọ tó ń ka búlọ́ọ̀kù!"

Ohun tí mo kọ́ ò pọ̀: kí o tó bi èèyàn ní ìbéèrè, kọ́kọ́ mọ ohun tí ìbéèrè rẹ lè ṣe sí ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ fi ẹnu yín sọ tí wọ́n fi tilẹ̀kùn mọ́ yín, èwo ló sì padà ṣí i? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé lápá omi, ẹ má tijú: mélòó ló wà lábẹ́ tiyín?