Ògiri Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Òórùn gbágùúdá tí ọmọ ọmọ mi ń rò lórí iná láàárọ̀ yìí, tó fẹ́ fi lẹ ìwé pọ̀, ló gbé mi padà sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Kambolé, ní ilẹ̀ Tógò. Irú rẹ̀ gan-an ni èmi àti Ràfíátù, ọ̀rẹ́ mi, rò nígbà tí kíláàsì wa fẹ́ lọ ṣeré ní Tchamba. Wọ́n ju ọba kan sẹ́wọ̀n nínú eré náà, ẹ̀wọ̀n ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní ògiri. Olùkọ́ wa ní kí kálukú wa ṣe tirẹ̀, kí òun mú èyí tó bá dára jù.

Èmi fi rúlà fa bíríkì sára pátákó, gbogbo ìlà gún régé. Ràfíátù ò fa ìlà kankan. Ó rún ìwé àpò sìmẹ́ńtì bí òkúta, ó fi gbágùúdá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó wọ́n iyanrìn sí i, ó sì fi eérú pa abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan dúdú, nítorí òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: òkúta ò mọ rúlà.

"Háà, Ràfí! Ta ló bá ẹ gbé àpáta wọlé?" làwọn ẹgbẹ́ wa ń pariwo. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Mùsíọ̀ Rúlà, ìwé ìṣirò ẹ mà ti tóbi o!"

Owú ta mí nínú bí ata. Nírọ̀lẹ́ tó ku ọ̀la ká lọ, èmi ni wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ fẹ́ràn gbágùúdá. Mi ò tì í.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ ti gé ògiri Ràfíátù jẹ káàkiri. Ó sunkún díẹ̀, ó nujú, ó po amọ̀ pupa, ó fi pa etí ibi tó ya. Ìgbà tó máa ṣe tán, ògiri tuntun ti di ògbólógbòó, àfi bí èyí tí òjò ti ń lù láti ayé àwọn baba ńlá wa. Olùkọ́ ò tiẹ̀ wo tèmi mọ́. Ní Tchamba, bàbá arúgbó kan dìde, ó lọ fọwọ́ kan òkúta náà. "Súbùhánalláhì! Ìwé mà ni!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Lóde òní ní Sokodé, aṣọ tí ẹ̀rọ ti ya ògiri sí ni wọ́n ń ta sẹ́yìn àwọn eléré. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọ̀nà Ràfíátù ni mo fi kọ́ ọmọ. Mi ò dárúkọ rẹ̀ rí, mi ò sì jẹ́wọ́ fún un títí ó fi kú. Níbi fìdáù rẹ̀, ẹnì kan tún ń ròyìn ògiri yẹn. Mo ṣe àmín sí àdúà tọkàntọkàn, síbẹ̀ mo rí i pé mo ṣì ń jowú rẹ̀.