Ewúro Tí Ìbíjọkẹ́ Fún Aládùúgbò

Ohun tí Ìbíjọkẹ́ bá gbìn kì í kú. Ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni, ọkọ rẹ̀ Ọdúntán, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ló mú un wá sí Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Á gé ẹ̀ka efinrin tàbí ewúro lábẹ́ oríkèé, á já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, á rì í bọ inú agolo tó kún fún erùpẹ̀ dúdú, á gbé e sí ìbòòji. Bí ewé tuntun bá ti yọ, aládùúgbò ló ń gbé e fún.

Nígbà tí òjò ọdún 1971 bẹ̀rẹ̀, ó lọ wo ìyá rẹ̀ nílé. Ìyá gé ìdì ẹ̀ka kan fún un, ó ti já gbogbo ewé ara wọn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù wé e. Ó ní irú ewúro kan ni, tí kò korò púpọ̀. Ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ni í tún ọwọ́ ìyá rẹ̀ yẹ̀ wò?

Àwọn ẹ̀ka náà ta gbòǹgbò. Ìbíjọkẹ́ gbé ọ̀kan fún Kàdíjátù, ìyàwó Sànúsí ahunṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn. Nígbà tí ó gbó tó jíjá, Kàdíjátù fi se ọbẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Àpìkẹ́, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì di omi. Sànúsí àti ìyàwó rẹ̀ gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá Sànúsí tó kù nílé kò pariwo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìbíjọkẹ́.

“Ìyàwó, ewé wo lo fún wa jẹ?”

Ìbíjọkẹ́ sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó lọ wo agolo rẹ̀, ó já ewé náà, ó fi wé ewúro àtijọ́ tó ti wà lẹ́yìnkùlé. Ti Ọ̀tan-Ilé fẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ. Ó gbóòórùn rẹ̀. Bí ó ti ń wò ó sí i ni kò dá a mọ̀ mọ́. Tí ọmọ náà bá kú ńkọ́? Ta ni yóò gbà pé àṣìṣe ni, lẹ́nu àjèjì? Ọdúntán sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà Ọ̀fà.

Ó já ewé náà ní ẹ̀kúnwọ́, ó bomi kàǹga sí i, ó fún omi rẹ̀ sínú ife, ó gbé e lọ síwájú ìyá Sànúsí, ó mu ún tán.

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín, Mà. Tó bá jẹ́ ewé ni, yóò mú èmi náà.”

Ìyá Sànúsí sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìrun ọ̀sán. Bí inú Ìbíjọkẹ́ bá kùn báyìí, òógùn á bò ó.

Ìrun alásárì kù díẹ̀ nígbà tí Sànúsí dé. Òkèèrè ló dúró sí. Ó ní Àpìkẹ́ ṣì ń mí, wọ́n ń fa omi sí i lára. Ó ní kò síbi tí ènìyàn lè gbẹ́sẹ̀ sí nílé ìwòsàn, àìsàn onígbáméjì ti wọ ìlú, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi kàǹga láìsè é.

Ìbíjọkẹ́ mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ewé. Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ìdùnnú ọ̀hún bà á lẹ́rù, nítorí àìsàn àwọn ọmọ ẹlòmíì ló dá a láre. Ìgbà náà ló rántí omi tí ó fi fún ewé.

Ìyá Sànúsí rántí lákòókò kan náà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Gbogbo wa la ti ń mu ún,” ló sọ, ó sì dìde lọ dáná omi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn. Ìbíjọkẹ́ kò bì. Àpìkẹ́ padà wálé lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbẹ bí igi. Bàbá Lùkúmọ̀n tó ń ta kẹrosíìnì ní iwájú ilé, tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú, kò padà.

Ewúro náà ga kọjá ògiri lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tó já a nínú ilé méjèèjì.